Ẹ̀jẹ̀ Ìbílọlá

Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan lórí ilẹ̀ ayé tó pe Zachariah Gbénró ní dókítà. Kíláàsì mẹ́ta ló kà ní iléèwé mọ́dà, ọdún mẹ́rin ló sì fi gbálẹ̀ ní ilé ìwádìí ẹ̀fọn tó wà lẹ́yìn Ìgbó-Ọrà kí wọ́n tó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1987, Dókítà Ẹ̀fọn ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbi ìsọmọlórúkọ kan, bí ẹni tó ń ṣàwàdà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gbénró kì í fẹ́ kó rọrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sétí oko, á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á máa dúró de ẹ̀fọn. Bí ọ̀kan bá bà lé ojúgun rẹ̀, kó tó rí nǹkan mu, á fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ dé e mọ́bẹ̀, á fi òwú dí ẹnu ìgò. Ilé tí ibà bá sì wà, á lọ fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, á kọ nọ́ńbà sára ìgò, á kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà, á wá ti ìgò náà bọ inú fláàsìkì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Láwàl awakọ̀ á wá láti Ìbàdàn, á kó àwọn ìgò lọ bá àwọn ọ̀gá tó ń wá fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ojú lásán ò lè rí, tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

Fláàsìkì yìí ló sọ Gbénró di èèyàn. Kì í ṣe fláàsìkì tíì. Irin ni, ó tó ìkòkò omi, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Bí wọ́n bá ṣí i, èéfín funfun á rú jáde, á wá máa ṣàn wálẹ̀ lára irin dípò kó gòkè. Náítírójìnì lorúkọ rẹ̀. Gbénró kì í pe orúkọ náà tán lẹ́ẹ̀kan. Á dúró díẹ̀ láàárín rẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ lè ráyè bọ̀wọ̀ fún un.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí fláàsìkì ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá tán, ẹ̀jẹ̀ á yọ́, á bàjẹ́, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọ̀gá ti kìlọ̀ èyí fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìkìlọ̀ náà sára ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà, ó sì fa ìlà pupa sí i nídìí.

Lọ́dún náà, ibà kan wọ àdúgbò tó kọjú sọ́nà Ìdèrè. Kì í ṣe ibà tí agbo ń gbé lọ. Ẹyinjú aláìsàn á pọ́n bí ẹni pé wọ́n ta epo sí i, ẹlòmíràn á sì máa bì dúdú. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ilé Sàláúdéènì, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ló kàn. Ìbílọlá ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àkọ́bí Mùnírátù ìyáálé. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Gbénró dé nínú kóòtù funfun rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, ó ní kí wọ́n tì í, ó ní kí gbogbo èèyàn jáde, ó sì tún pe àwọn kan padà kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, Ìbílọlá lajú díẹ̀.

“Bàbá Dókítà, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ gbà ni?”

“A ó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọkọ ẹ.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìgò kẹrìnlá lẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Láwàl ti wá lánàá, ó ti lọ, nítorí náà ìgò náà gbọ́dọ̀ dúró de Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sunday, Ìbílọlá ti kú, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Kí omi ìwẹ̀ òkú tó gbẹ ni ọ̀rọ̀ ti dé. Ẹ̀kuru tí Rùkáyàt, ìyàwó kékeré, sè ni ọmọ náà jẹ kẹ́yìn kó tó dùbúlẹ̀. Àwọn méjèèjì sì ti jà lórí omi nínú oṣù yẹn, wọ́n bú ara wọn débi tí àwọn ará ilé kejì fi gbọ́. Èèbì dúdú tó bì náà, kí ni ẹ̀yin rò pé ó fà á? Búrẹ́mọ̀, ẹ̀gbọ́n Sàláúdéènì, ló sọ ọ́ jáde: májèlé ni. Ó ní kí wọ́n lé obìnrin náà kí Fìdáù ọjọ́ kẹjọ tó pé.

Sàláúdéènì kì í ṣe ẹni tí ń yára. Ó ṣáà jókòó sórí ẹní, kò sunkún, ó kàn ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá a wí títí, ó kọjú sí Gbénró, tó wá kí wọn, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ lè sọ ohun tó pa èèyàn.

Ohun tí Gbénró ti ń retí pé kí ẹnì kan bi òun láti bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Ó sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ ibà ni, Ìbàdàn á rí i, pé kò sí bó ṣe lè sá pamọ́ fún wọn. Ó ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan obìnrin náà títí ìwé á fi dé láti Ìbàdàn. Rùkáyàt, tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú Dàda, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀, dorí kodò, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ohùn pé Ọlọ́run á san án fún Dókítà. Gbénró gba àdúrà náà bí ẹni gba ohun tó tọ́ sí i.

Ní ọjọ́ Wednesday ọ̀sẹ̀ náà, Ọláníyì, àbúrò Edith ìyàwó Gbénró, ń ṣe ọjọ́ sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Lanlate. Ó ti kọ orúkọ Gbénró sínú ìwé ètò: Ọ̀gá Onímọ̀ Ìjìnlẹ̀ láti Ilé Ìwádìí. Gbénró ka ìwé ètò náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé fláàsìkì, ó ń fi okùn rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Edith, tó jẹ́ tíṣà, tó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tó wọ kóòtù, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Dókítà, ṣé wọ́n ń ṣe ibà ní Lanlate ni?”

“Ìmọ̀ ni mò ń gbé lọ fún wọn.”

“Ẹ̀jẹ̀ àwọn olóníbà ńkọ́?”

Ó ní òun á rọra ṣí i, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ẹ̀ẹ̀kan ni lóòótọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bu náítírójìnì sínú bàsíà, ó ti òdòdó pupa kan bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó fi lu tábìlì, òdòdó náà fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo. Àwọn ọmọ iléèwé pariwo. Nígbà náà ni aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ní òun ò rí i. Wọ́n tún un ṣe. Ìyàwó aṣojú ní ẹ̀yìn lòun jókòó sí. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà. Lẹ́yìn náà ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí Dókítà jọ̀wọ́ ṣí fláàsìkì náà sílẹ̀ báyẹn, kó gbé ojú sókè díẹ̀, kí èéfín lè bo àyà rẹ̀. Ó ṣí i sílẹ̀ títí fọ́tò fi tẹ́ oníṣẹ́ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, Láwàl ò wá. Ọkọ̀ ti kú sọ́nà. Ká ní Gbénró kò lọ sí Lanlate ni, ohun tó wà nínú fláàsìkì ìbá tó ọ̀sẹ̀ kan sí i. Láàárọ̀ Sátidé, ó ṣí ìdérí, kò sí èéfín. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgò márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ó gbé ìkẹrìnlá sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ti dúdú létí.

Ọjọ́ Monday ni Láwàl dé pẹ̀lú náítírójìnì tuntun. Gbénró kí i dáadáa, ó ní ebi á ti máa pa á, ó rán an lọ jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ Edith nílé. Kí ọkùnrin náà tó jẹun tán, Gbénró ti bu náítírójìnì kún fláàsìkì, ó ti rì àwọn ìgò náà sínú rẹ̀. Nígbà tí Láwàl fi máa padà, gbogbo rẹ̀ ti dì gan-an bí òkúta. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ̀ pé ó yọ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ìwé dé. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, Gbénró nìkan ló sì lè kà á fún ilé Sàláúdéènì. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un láàárín ilé. Ó wọ kóòtù, ó wọ gíláàsì, ó nu gíláàsì, ó tún un wọ̀. Ó ka òyìnbó náà sókè látòkè délẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀: nọ́ńbà kẹrìnlá, Ìbílọlá, a kò rí nǹkan kan.

Búrẹ́mọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Pé wọn ò rí ibà lára ẹ̀?”

Gbénró mọ ìdáhùn. Ó ti mọ̀ ọ́n láti Sátidé yẹn. Kò ju kó sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti bàjẹ́ lọ́wọ́ òun kó tó dé Ìbàdàn, pé òun gbé e lọ fi ṣe eré ní Lanlate. Ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó láti orí ẹní, ojú àwọn tí kò pè é ní nǹkan mìíràn ju Dókítà lọ láti ọdún mẹ́wàá.

“Ohun tí ìwé sọ nìyẹn,” ló wí.

Òótọ́ ni. Ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Fún àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn, “a kò rí nǹkan kan” kò ju kí wọ́n tún wá nǹkan mìíràn wò lọ. Fún ilé Sàláúdéènì, bí kò bá ti sí ibà, ẹ̀kuru ló kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n kó ẹrù Rùkáyàt síta. Ọmọ kì í bá ìyá tó ń lọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti bàbá ni. Wọ́n gba Dàda lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Rùkáyàt kọjá níwájú Gbénró, kò bú u, kò wò ó. Tápà, ìlú àwọn òbí rẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, ló gbà lọ.

Edith kò béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, Bàbá Babáwálé ló ń pe ọkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ wọn. Dókítà kò tẹnu rẹ̀ jáde mọ́, ní àwàdà pàápàá.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní 1995, obìnrin kan wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ láti Ìbàdàn wá. Olúwayẹ́misí lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, dókítà sì ni, irú èyí tó ní ìwé ẹ̀rí. Ó kúnlẹ̀ kí Gbénró, ó pè é ní Bàbá, inú Gbénró sì dùn títí ó fi gbọ́ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ wo rẹ́jísítà ọdún 1987. Ó ní àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ ìgbà náà ṣì wà nínú yìnyín ní Ìbàdàn, òun fẹ́ fi ọ̀nà tuntun yẹ̀ wọ́n wò.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí ọmọ ṣe ń ṣàlàyé fún bàbá tó bọ̀wọ̀ fún. Gbogbo fáírọ́ọ̀sì ló ní àkọsílẹ̀ kan nínú ara, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú aláǹtakùn lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo bí a ṣe dá a wà. Ti ibà pọ́njú yàtọ̀ sí ti ibà tó ń fọ́ eegun. Láyé àtijọ́, ọmọ èkúté jòjòló ni wọ́n máa ń gún ní ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á wá máa ṣọ́ ọ bóyá á kú. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ kan wà tó ń da àkọsílẹ̀ náà kọ, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi pọ̀ tó ohun tí a lè kà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti tó.

Gbénró bi í bóyá ó lè ṣeé ṣe fún ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ tó ọdún mẹ́jọ. Ó ní kò sí wàhálà, bó bá ṣáà ti wà nínú òtútù.

Oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, Gbénró gbé ayé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó ti rí i lọ́kàn rẹ̀ bí yóò ṣe rí. Ẹ̀rọ á sọ pé ibà ni. Wọ́n á pe Rùkáyàt padà, òun ni yóò ka ìwé náà, kò sì ní sí ẹni tó máa dárúkọ Lanlate. Ó lọ gé irun. Ó tilẹ̀ fọ kóòtù.

Nígbà tí Olúwayẹ́misí padà dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibà pọ́njú hàn kedere nínú mọ́kànlá lára àwọn ìgò ìgbà náà. Ṣùgbọ́n márùn-ún kan wà, láti ìkejìlá dé ìkẹrìndínlógún, tí gbogbo àkọsílẹ̀ inú wọn ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè dì mú. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà nínú fláàsìkì.

“Bàbá, ṣé wọ́n yọ́ rí?”

Gbénró jókòó. Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan fọ́tò. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, nítorí pé kò tíì sọ ọ́ rí, kò mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bẹ Olúwayẹ́misí pé kó bá òun kọ ọ́ sínú ìwé pé ibà ló pa Ìbílọlá. Kí ló tún kù? Àdúgbò kan náà, oṣù kan náà, ojú pípọ́n kan náà.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì lè kọ ohun tí mi ò rí. Ohun tí mo lè kọ ni pé ìgò náà ti bàjẹ́ kó tó dé Ìbàdàn, pé kò sí ẹni tó lè tinú rẹ̀ mọ nǹkan kan, nígbà yẹn tàbí nísinsìnyí.”

Ohun tó kọ nìyẹn. Ó buwọ́ lù ú.

Sàláúdéènì ti kú láti ọdún méjì, Búrẹ́mọ̀ náà ti lọ. Mùnírátù ló kù nílé. Nígbà tí Gbénró wọlé, ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Gbénró ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tò lọ́kàn, kò wo ojú ọmọ náà, ó kàn mi orí sí i ni. Mùnírátù wo ojú àlejò rẹ̀, ó rán ọmọ náà lọ sídìí pọ́ǹpù lọ pọnmi.

Gbénró ka ìwé Olúwayẹ́misí fún un, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ìyókù tí kò sí nínú ìwé. Mùnírátù kò dá a dúró. Nígbà tó tán, ó béèrè bóyá ìwé náà sọ pé Rùkáyàt kò ṣe é. Gbénró ní rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà tún béèrè bóyá ìwé sọ pé Rùkáyàt ṣe é. Gbénró ní kò sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Mùnírátù ń fi ìka yọ ìdọ̀tí kúrò lára ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́ ọmọ ẹni tó pa ọmọ mi. Mo fún un lóúnjẹ, mo rán an níléèwé, mi ò jẹ́ kó gbọ́ orúkọ ìyá ẹ̀ nílé yìí. Tí kò bá wá pa ọmọ mi, Dókítà, kí lẹ fẹ́ kí n máa pe ohun tí mo ṣe yẹn?”

Mùnírátù ní kí Gbénró máa lọ kí ọmọ náà tó ti ìdí omi dé. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Tápà. Àwọn èèyàn júwe ilé Ìyá Dàda fún un. Wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó bá a nídìí agbada, ó ń yan gaàrí. Ó ti gbẹ, èéfín ti mú ojú rẹ̀. Ó mọ Gbénró lẹ́sẹ̀ kan náà, ó kí i, ó sì ń yan gaàrí rẹ̀ lọ títí tí àlejò fi sọ ohun tó gbé e wá tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ dúró, nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó tó fọ́.

Ó kó gaàrí sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó gba ìwé Olúwayẹ́misí, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn.

“Ṣé Dàda ti gbọ́?”

Gbénró ní wọ́n rán an lọ pọnmi kí òun tó sọ ọ́.

Obìnrin náà mi orí. Ó ní òun lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ náà nígbà kan, ní ọdún kẹta, àwọn ọmọ àdúgbò dá òun mọ̀, wọ́n ń pariwo “oní májèlé” tẹ̀ lé òun dé ibùdókọ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ò lọ mọ́, kí wọ́n má bàa máa fi orúkọ yẹn pe ọmọ náà. Ó wọlé, ó mú ìwé ìkọ̀wé kan jáde, ti ọmọ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú báírò.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ yẹn á ti lè kà. Gbogbo bẹ́ẹ ṣe ṣe é ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín.”

Gbénró gbé ìwé lé itan, ó kọ ọ́. Ó lọ́wọ́ ìkọ̀wé tó dáa, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ ojú kan tán, Rùkáyàt ní kó kà á sókè. Ó kà á: èmi Zachariah Gbénró, òṣìṣẹ́ àgbà ní ilé ìwádìí, fẹ́ fi tó Dàda létí pé nítorí ìṣòro ọkọ̀, náítírójìnì inú fláàsìkì jò tán.

“Kò jò,” ni Rùkáyàt wí. “Ẹ̀yin lẹ ṣí i.”

Ó fa igi lé e. Ó tún un kọ. Ó tún un kà. Òṣìṣẹ́ àgbà ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin náà jẹ́ kó wà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ka ìwé àkọ́kọ́ nílé Sàláúdéènì, ó kọ ọ́ pé àwọn ẹbí ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó gbójú sókè, ó rí i bí obìnrin náà ṣe ń wò ó, kò dúró kó sọ̀rọ̀, ó fa igi lé ìyẹn fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: wọ́n bi mí, mo sì mọ̀, mi ò sọ.

Rùkáyàt gba ìwé náà, ó ká a, ó fi sí ìṣẹ́tí ìró. Gbénró ní òun lè bá a mú un lọ, ó ṣe tán òun ń padà sí Ìgbó-Ọrà lónìí. Rùkáyàt ní kó má ṣèyọnu, òun á rí ẹni rán. Ó wá bi í, bí ẹni tí ojú ń tì:

“Ẹ rí Dàda, àbí? Ibo ló ga dé báyìí?”

Gbénró dìde dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè dé àyà rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìgbáròkó, ó tún gbé e sókè díẹ̀. Obìnrin náà ń fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ náà, níbikíbi tó bá gbé e dé.